Inú Ẹ̀ka Kọfí

Kọfí ló gbẹ lẹ́yìn ilé mi ní Ògìdì,
mo ń ṣán an, ẹ̀ka kan sì dá sí méjì:
inú rẹ̀ ṣófo bí fèrè.
Ìyá èèrà kan wà níbẹ̀, òun àti ọmọ mẹ́sàn-án,
ẹyin wọn ò tó hóró iyọ̀.
Mo fi àdá sílẹ̀, mo lọ wá igo.

Ibitóyè bojú wo orí tábìlì, ó ní,
"Òkun o. Ṣé olè lò ń bọ́ ni?
Èyí tí ìyàwó rẹ fi eérú lé fún ogún ọdún?"
Òótọ́ ni. Èmi náà ti da epo òyìnbó sí ihò wọn rí.

Ní báyìí mo ń fi ṣóńṣó ìyẹ́ adìyẹ kán oyin sẹ́nu igo,
mo ń pa eṣinṣin kan lọ́jọ́ Ẹtì.
Lóru ọyẹ́, mo gbé wọn sẹ́bàá ààrò.

Wọ́n ní lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò tó fò,
ìyá yìí ló fúnra rẹ̀ bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ nù
bí ẹni bọ́ aṣọ òde,
kò tún fojú kan òfurufú mọ́.

Abọ́sẹ̀dé pè láti Kàdúná:
"Bàbá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"
Mo tún wọn kà. Mọ́kànlélógójì.
Kí n tó dáhùn, ọ̀kan gbé òkú èkejì rẹ̀
lọ sí igun tó jìnnà sí àwọn ọmọ,
ó gbé e kalẹ̀, ó padà,
ó tún lọ wò ó.

"Èrò pọ̀ nílé," ni mo wí.