Pátákó Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Mo ra pátákó dúdú kan
lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó kógbá sílé l'Ókè-Baálẹ̀.
Igun rẹ̀ kan ti sán; mo fi ìṣó kàn án pọ̀.
Iye owó fọ́tòkọ́pì ni mo rà á láti máa kọ sí.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n mú iná lọ,
fọ́tòkọ́pì wo?
Mo bá pa iye owó rẹ́,
mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú títì Ayétòrò:
*Bíìlì iná ti dé. Iná ńkọ́?*

Múnírù ọlọ́kadà dúró, kò pa ẹ́ńjìnnì,
ó kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín
títí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá ka tirẹ̀.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn méjìlá
ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kọ.

Ọ̀rọ̀ kún inú wa bí Ọ̀ṣun ṣe ń kún lóṣù kẹsàn-án.
Ojú ibi tí yóò gbà ṣàn ni kò sí.

Ìyá Sínọ́tù tó ń ta ike ní kí n kọ ti omi:
páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà tó fi wà nínú oyún Sínọ́tù.
Sínọ́tù ti bímọ báyìí.
Páìpù ò tíì tu itọ́,
nílùú tó jẹ́ pé odò ló ni wá.
Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Jẹ́lílì bínú. Ó ní ẹ̀ ń bú ìjọba ṣáá,
ṣé ẹ ò rí ọ̀dà tí wọ́n dà sí àdúgbò tàwa ni?
Ìyá Sínọ́tù ní, "Mo rí i.
Ìyá rẹ ló ń gbá a dànù láràárọ̀."
A rẹ́rìn-ín títí kan Jẹ́lílì fúnra rẹ̀.

Alàgbà Ọ̀ṣúndárà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
tó gba ààbọ̀ owó oṣù títí
ọmọdé àdúgbò fi sọ ọ́ ní Bàbá Ààbọ̀,
kò bá wa dá sí i.
Ṣọ́ọ̀kì ló gbà lọ́wọ́ mi,
ó tọ́ ka sábẹ́ *ẹ* tí mo fi sílẹ̀ níhòòhò.
"Bí ẹ bá máa bú wọn, ẹ fi Yorùbá tó gún bú wọn."
Ó lọ. Ó tún padà.
"Ẹ bá mi kọ ọ́ pé wọ́n jẹ mí lówó.
Ẹ má kọ iye rẹ̀.
Ìyàwó mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ìbò ku oṣù méjì,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, fìlà rẹ̀ ní àwòrán ẹ̀rín elòmíì.
Ó ní ká yá òun ní pátákó. Ó ka owó.
Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí,
ta nínú yín ló bá mi san owó ilé ẹ̀kọ́ Láwunmí?
Mo gba owó náà. Mo tún ní kó bu sí i, ó sì bu sí i.

Wọ́n lẹ ẹ̀rín ọ̀hún mọ́ ọn, láti igun dé igun,
wọ́n tilẹ̀ bo ojú ìṣó mi.
Múnírù kọjá, kò dẹ eré.
Ìyá Sínọ́tù kí mi, "Ẹ kú ọjà o,"
bí ẹni tó ń kí àlejò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ṣílẹ̀kùn,
mo bá ìwé ṣọ́ọ̀kì lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà mi:
*Wọ́n ti ra pátákó. Ẹnu ńkọ́?*
Àmì ohùn pé sórí rẹ̀,
ka ò sì sọnù lábẹ́ *ẹ*.

Mi ò bèèrè ẹni tó kọ ọ́.
Mo ń gbẹ́sẹ̀ fò ó kọjá wọlé.
Òjò ò tíì rọ̀. Èmi náà ò sì tíì nù ún.