Fèrèsé Kan ní Wínípẹ́gì

Mo ní fèrèsé mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, ariwo tirẹ̀:
ọ̀kan a wúkọ́, ọ̀kan a kan ilẹ̀kùn,
ọ̀kan a ké bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ ṣí.
Wọn kì í kí ara wọn.
Bí orogún mẹ́rin nínú àgbàlá kan,
èmi ọkọ wọn a máa sáré láti yàrá dé yàrá
pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu:
"Mo ti jí. Yìnyín ti ga dé orúnkún."

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó mi gan-an, wà ní Pẹ́kámù, lórí Emu-Esi-Eni.
Àbúrò mi Tinúadé wà lórí Yàhúù,
ní káfẹ́ kan l'Ógbómọ̀ṣọ́
níbi tí iná ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.
Fẹ̀yíṣetán tí a jọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ti di nọ́ńbà gígùn kan lásán,
bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ló lọ.
Ìyáàfin Kowalchuk, ọ̀gá mi ní ilé búrẹ́dì,
ní ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni kí n lò
bí mo bá fẹ́ mọ iye àpò ìyẹ̀fun tí a óò pò lóru.

Rẹnátò, ọmọ Fílípìnì tí ń ti búrẹ́dì sínú ààrò,
ló fún mi ní ètò kan nínú àwo pẹlẹbẹ.
"Fi èyí sí i," ó ní, "gbogbo wọn a jókòó sórí ẹní kan."
Ó rí bẹ́ẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo,
orúkọ wọn tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà, ní títẹ̀lé a-bí-dí.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ po kòkó mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a-bí-dí fi ṣe mí:
Kíkẹ́lọmọ, lẹ́yìn rẹ̀ Kowalchuk.
Ìka tí òtútù ti jẹ kò mọ ìyàtọ̀.
"Olólùfẹ́ mi, gbogbo ẹsẹ̀ ń ro mí,
n óò purọ́ fún obìnrin yẹn pé ibà ń ṣe mí lálẹ́ yìí."
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ.
Àmì ìbéèrè kan ló padà wá.
Ọkàn mi já sínú bàtà.

Mo lọ síbi iṣẹ́, ojú ń tì mí, ẹsẹ̀ ń ro mí.
Kò bínú; kí ló fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?
Ó bi mí pé èdè wo nìyẹn
tí g àti b ń pọn ara wọn bí ọmọ.
Ó ní àpótí kan wà nílé òun,
lẹ́tà ìyá-ìyá òun láti Yukiréènì ló kún inú rẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó lè kà wọ́n mọ́ nínú ẹbí.
Ó ń sọ ọ́, ó ń gbọn ìyẹ̀fun dànù lára ápúrọ́ọ̀nù.
N kò mọ ètò tí Rẹnátò lè fún un.

Ní òwúrọ̀ mo ṣí fèrèsé mi.
Kíkẹ́lọmọ ti lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ńbà gígùn náà ṣú bí àná.
Ọ̀rọ̀ Tinúadé ṣì wà níbi tí iná já a sí lọ́jọ́ Ajé:
"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi"
Bá ọ kí ni? Bá ọ san kí ni?
Mo ṣírò owó tó kù lọ́wọ́ mi, mo tún un ṣírò.

Ọjọ́ kẹta ni ìyókù tó dé, láìsí ìkíni:
"ya fọ́tò yìnyín."

Mo wọ bàtà padà.