Ọ̀kẹ́ Mẹ́tàdínlógún

Ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún dọ́là
ni ìjọba ìpínlẹ̀ kó fún Arvid Niskala
ní Dulúùtù, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun,
pé kó máa tú ògbólógbòó ibùsùn,
kó yọ wáyà sọ́tọ̀, kó yọ fóòmù sọ́tọ̀,
kó fi ogún ènìyàn síṣẹ́.
Ọdún mẹ́ta kọjá. Wọ́n ní kí n lọ wò ó
bóyá owó náà ṣiṣẹ́, tàbí owó náà sùn.

Oṣù kejì ni. Yìnyín gun òrùlé bí ẹni fẹ́ wọlé.
Nínú ilé iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ, eruku òwú,
òórùn oorun àwọn ẹni tí a kò mọ̀:
ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì, ibùsùn ilé ìwòsàn,
ibùsùn kékeré kan tí ọmọ ti tọ̀ sí
tí ìyá rẹ̀ sá sóòrùn títí ó fi sú u.
Delphine ń fi ọ̀bẹ la inú wọn bí ẹni ń la ẹja.
Ó ní, "Owó wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ o, ẹ wo ìgò yẹn."
Kọ́bọ̀ tó bọ́ lápò àwọn tó sùn
ti kún ìgò náà dé ọrùn.
Òun ni wọ́n fi ń ra kọfí lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ka orí. Mo kà wọ́n nídìí ẹ̀rọ,
mo kà wọ́n nídìí ọkọ̀ ẹrù,
mo ka ẹnì kan tó ń mu sìgá lẹ́yìnkùlé.
Mẹ́tàdínlógún.

Fọ́ọ̀mù mi pọ́n lójú, ó ní wọn kò dójú àmì.
Ṣùgbọ́n èdè tí ìyá mi fi kọ́ mi ní òǹkà
kì í dé mẹ́tàdínlógún kó má kọ́kọ́ dé ogún.
A ó dé ogún, a ó bojú wẹ̀yìn, a ó béèrè:
àwọn mẹ́ta wo ni kò sí ńlé?

Ọ̀kan ni Lorne. Ọkàn rẹ̀ dákẹ́ lóṣù kọkànlá.
Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó,
kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un kúrò.
Èkejì ni Ayaan, tó kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ níbí,
tó sọdá afárá lọ sí ìpínlẹ̀ kejì
níbi tí wọ́n ti ń san ìlọ́po owó rẹ̀.
Ẹni tó ríṣẹ́ lódìkejì omi, fọ́ọ̀mù ní kò ríṣẹ́.
Èmi tí mo sọdá òkun wá jẹun,
mo wo ìlà yẹn pẹ́.

Ẹ̀kẹta: E. Niskala.
Arvid ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
"Ọmọ mi ni. Ṣikágò ló wà, ó ń kàwé.
Kò gbé ibùsùn kan rí.
Ìwé yín ní ogún ni, kò gbọdọ̀ dín.
Ó ku ẹyọ kan. Mo fi ọmọ mi dí i."
Kò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ìbá rọrùn.

Èmi náà mọ ìṣirò:
ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún, ènìyàn mẹ́tàdínlógún,
ọ̀kẹ́ kan lórí ẹnì kan, géérégé.
Fọ́ọ̀mù tún fẹ́ mọ̀
bóyá Delphine ìbá ríṣẹ́ níbòmíràn bí kò bá sí owó yìí.
Mo bi í. Ó nu ọ̀bẹ.
"Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé ìwáṣẹ́.
Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá mo ṣẹ̀wọ̀n rí,
mo máa ń dé pẹ́ẹ̀nì mi."
Àpótí ìdáhùn náà kò gbà ju
bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo kọ ti ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe rí.
Irọ́ ni irọ́.
Mo kọ ti Lorne. Mo kọ ti afárá
sí etí ìwé, níbi tí wọn kò ní kí n kọ nǹkan sí.

Lálẹ́, ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wáyà kan gún mi níhà.
Ibùsùn yìí ti ń darúgbó.
Kò ní pẹ́ dé iwájú ọ̀bẹ Delphine.
Ẹyọ owó kan bọ́ lápò mi,
ó yọ́ wọ inú rẹ̀ lọ.
N kò wá a.