Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀gbẹ́

Agogo márùn-ún ku díẹ̀. Oòrùn Ìtòkò ń rọ̀ bọ̀
lórí àwọn páànù tó ti dípatà tán;
ó gba fèrèsé ìsọ̀ mi wọlé,
ó jókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ bí oníbàárà tí kò mówó wá.
Fárámadé ní, “Màmá Télọ̀, ẹ má sá fún un.
Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń fi imú ènìyàn hàn.
Ẹ kọ ìdajì ojú sí i, ẹ jẹ́ kí ìdajì tó kù ṣókùnkùn.”

Mo gbé fóònù ti rìlì òwú pupa,
mo ka ení, èjì, dórí ẹ̀wá,
ó yàwòrán nígbà tí mo ń fa ìró sókè.
A tún un yà. Mo dijú.
A tún un yà. Ewúrẹ́ Bàbá Ṣónúbi kọjá lẹ́yìn mi,
ó mọ kámẹ́rà wò jù mí lọ.
“Èyí náà dára,” lọmọ náà wí. “Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Gígé la kọ́kọ́ ṣe.
Ẹni tó ti ń gé aṣọ láti ọgbọ̀n ọdún,
ta ni yóò tún kọ́ ọ ní gígé?
Síbẹ̀ ọwọ́ mi gbọ̀n lójú gíláàsì.
Aṣọ tí a gé tí kò tó, a lè lẹ̀ ẹ́;
ojú tí a bá gé sọnù ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín: “Ọfà kan wà lókè yẹn tó ṣẹ́rí padà,
ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí ẹ gé á padà wá.”
Mo tẹ̀ ẹ́. Ògiri padà wá. Ewúrẹ́ padà wá.
Mo gé e, mo tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, láìnídìí,
kí n ṣáà máa rí i pé nǹkan ń padà.

Mo fa ìmọ́lẹ̀ lọ sápá ọ̀tún
títí ojú mi fi funfun bí òkú tí wọ́n kùn ní àtíkè.
“Ẹ rọra, Màmá. Iyọ̀ ni. A kì í da gbogbo ẹ̀ sọ́bẹ̀.”
Mo fà á padà. Mo ti òjìji bọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́,
mo fi aró díẹ̀ kún ibi tó dúdú,
irú aró tó ń kù léèékánná àwọn ará Ìtòkú lọ́jọ́ Àìkú.
Wáyà iná tó gba orí mi kọjá, a pa á rẹ́.
Ó ní kí n pa téèpù ọrùn mi náà rẹ́. Mo ní rárá,
téèpù yìí mọ ìbàdí gbogbo àdúgbò, kò sì tíì tú àṣírí ẹnì kan.

Ohun tí n kò sọ fún ọmọ náà nìyí:
àwòrán ìgbéyàwó Àlàkẹ́ wà lójú ògiri ilé bàbá wa ní Aké.
Èmi ni mo dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ lọ́jọ́ náà,
èmi ni mo fi òru mẹ́ta rán aṣọ tó wọ̀.
Férémù kò gba gbogbo wa.
Ẹni tó mú àlùmọ́gàjí kò bi mí léèrè.
Ìka mi mẹ́rin ló kù, lórí èjìká ìyàwó,
ọwọ́ kan tí kò lára.

Lálẹ́ àná, wọ́n ti mú iná lọ,
mo ṣí ẹ̀dà tí mo fi fóònù yà lójú ògiri.
N kò fọwọ́ kan ojú Àlàkẹ́. Ó rẹwà; ẹ jẹ́ ó rẹwà.
Mo dín ìmọ́lẹ̀ àyíká kù díẹ̀ díẹ̀,
mo yí ọwọ́ náà po, mo tan iná fún òun nìkan,
títí ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi lóru kẹta
fi yọ lórí ìka ìlábẹ̀,
tàbí kó jẹ́ eruku ojú gíláàsì ni.

Mo fi ránṣẹ́ sí i ní Ìbàdàn.
Ó kọ̀wé padà: “Ó mà dára o. Ọwọ́ ta nìyí?”

Bátìrì mi ti fẹ́ kú.
Mo ṣí tèmi padà, èyí tí ewúrẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀,
mo tún ń fa òjìji.