Ẹsẹ̀ Òsì

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta
ni ẹsẹ̀ òsì mi fi ń tẹ̀lé ọ̀tún kiri
bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú,
kò níṣẹ́ kan pàtó
àfi kó máa kọ lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí mo ra Pijó ọ̀gá wa tó fẹ̀yìn tì,
Bámitálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ sítíárì,
ó ka pẹ́dà mẹ́ta,
ó ní, "Tíṣà, òsì yìí ló máa wa ọkọ̀.
Ọ̀tún kàn máa bá a kẹ́gbẹ́ ni.
Usẹ́ ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹnu."
Usẹ́ ló pè é, bí ìyá mi ṣe máa ń pè é.

Ó ti fi ọdún méjìlélógún gbé pákó
láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìbàdàn,
etí rẹ̀ kan ti kú sínú ariwo ẹ́ńjìnnì,
àtẹ́lẹwọ́ ló wá fi ń gbọ́ mọ́tò:
á gbé e lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù
bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.
"Ó ti ń bẹ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ méjì. Fún un."
Mo fún un.
Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀!
bí ẹni da òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta.
Adìẹ ilé Ọlọ́fintúyì fò gun ògiri.
Bámitálẹ̀ di ojú. Kò bú mi.
Ó kàn bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi dé jíà lórí.
"Má wò ó mọ́. Ta ló ń wo ẹnu ara rẹ̀
kó tó bu òkèlè sí i?"

Ẹ̀fọ̀n kò sì ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ téèyàn fi ń kọ́ nǹkan.
Bí o bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, òkè ni.
Orí òkè ni mo kú sí,
mọ́tò ni mo wí o, mọ́tò ló kú,
níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń ti iléèwé bọ̀,
ọkọ̀ onípákó lẹ́yìn mi, tó ń fun fèrè
bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.
Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó tẹ iná,
ó ta kìjì, ó tún ta kìjì,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn.
Ìbídàpọ̀, tí kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé láéláé,
sáré gbé òkúta, ó fi há táyà,
ó wá kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mà."
Láti ọjọ́ náà n kò lè nà án mọ́.

Lálẹ́, èmi àti ọmọ àbúrò mi ń gúnyán.
Ọmọ odó méjì, odó kan:
tèmi ń lọ sókè, tirẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀,
kò sẹ́ni tó ń kà á, kò sẹ́ni tó ń sáré.
Bí ọ̀kan bá yá jù, wọn á pàdé, kọ̀ọ̀!
apá á ta ọ́ dé èjìká.
Mo gbé ọmọ odó sókè, n kò sọ ọ́ mọ́.
"Àǹtí, kí ló dé?"
"Kílọ́ọ̀ṣì ni."
Ó wo ojú mi, ó wo iyán, kò sọ nǹkan kan.

Ní Sátidé a gba ọ̀nà Àrámọkọ.
Ìkùukùu ṣì jókòó sórí òkè.
Ọ̀kan. Mo jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.
Ọ̀tún gòkè, òsì sọ̀ kalẹ̀,
jíà bọ́ sí méjì
bí ọwọ́ tó ń wọ àpò ara rẹ̀,
òsì ń bọ̀ lókè, ọ̀tún ń lọ nílẹ̀.
Mẹ́ta. N kò gbọ́ nǹkan kan
àfi koríko etí títì.
Omi inú ike ẹ̀gbẹ́ mi kò mì.
Mo fẹ́ kí ẹnìkan rí i.
Mo yíjú sí Bámitálẹ̀:
fìlà ti kúrò lórí jíà, ó ti wà lójú rẹ̀,
ẹnu là sílẹ̀, ó ń hanrun,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

N kò jí i.
Mo wà á débi tí mo fẹ́, mo yí i padà,
mo gun òkè wálé, mẹ́ta, méjì, méjì.
Ẹnu géètì ni mo ti gbàgbé òsì.
Kìjì.
Ó lajú. "Kí ló ṣe é?"
Mo ní, "A ti délé ni."