Òjò Wà Nínú Téèpù Náà

Ọkùnrin náà ti Seattle wá, mọ́tò rẹ̀ ń dán.
Ó nu bàtà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wọlé,
ó ní òun gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni téèpù wọn wà.
Mo ní, "Gbé ológbò kúrò lórí àga yẹn, kí o jókòó."

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, nínú páálí bàtà òjò
lábẹ́ ibùsùn mi, pẹ̀lú ìwé owó iná.
Ọwọ́ ìkọ̀wé Arlo ṣì wà lára wọn, wọ́gọwọ̀gọ,
bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó gba inú ẹrẹ̀ kọjá.

Ọ̀rinrin ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn.
Kí ni wọn ì bá tún sọ ọ́? Nílùú wa
aṣọ ò gbẹ, ògiri ò gbẹ,
àyà àwọn bàbá wa ò gbẹ
lẹ́yìn ogún ọdún tí wọ́n fi ń fa eruku pákó símú.
Ilé ìlagi kógbá wọlé lọ́dún náà.
Àwọn ọkùnrin ń jókòó sínú mọ́tò tí wọn kò ṣíná sí,
wọ́n ń wo odò.

Èmi nìkan ni mo ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.
Owó iṣẹ́ ẹja inú agolo ni mo fi rà á,
oṣù mẹ́sàn-án, ìka mi ń rùn,
kò sẹ́ni tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Gáréèjì àwọn Koskela la ti ń gbohùn.
Kápẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó lára ògiri,
páànù lókè, òjò lórí páànù.
Okùn kan ti já lára gìtá Marvin,
kò ra òmíràn.
Ó ní mẹ́ta tó kù tó bínú ní tiwọn.

Arlo kì í kọrin bí ẹni ń kọrin.
Á máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè,
àfi lójijì
tí ohùn rẹ̀ á fàya bíi tapólì nínú ìjì,
ilẹ̀ á mì tìtì,
ife kọfí mi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí tábìlì.

Nínú téèpù kẹta, bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa,
ẹ ó gbọ́ ìyá Denny tó ń ké láti òkè:
"Denny! Iṣẹ́ alẹ́ rẹ!"
Ìlù dákẹ́ wáí. Ilẹ̀kùn dún gbàmù.
Orin yẹn kò parí títí dòní.

Ọkùnrin náà yọ ìwé kékeré jáde.
Ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn inú orin kejì,
èyí tí Arlo pariwo rẹ̀ nígbà mọ́kànlá,
ọgbọ̀n ọdún rèé tí àwọn èèyàn ti ń jà lé e lórí.
Àwọn kan ní Ọlọ́run ló ń bú.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ikú ló ń pè.
Mo rẹ́rìn-ín títí ológbò fi sá.
Ajá ni.
Ajá rẹ̀ ló ń pè. Pickle, elétí kan.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ agbégi tẹ̀ ẹ́ pa níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́;
lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ la gbohùn,
ilẹ̀ tó fi sin ín ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Àlejò mi pa ìwé dé. Ó pẹ́ díẹ̀.
Ó wá ní ẹ̀rọ tuntun kan ti dé
tó lè yọ ariwo òjò kúrò pátápátá,
kí ohùn Arlo lè mọ́ gaara.
Mo wo ojú fèrèsé. Ó ń rọ̀ lọ́wọ́.
Mo ní, "Arlo ti lọ. Denny ti lọ. Gáréèjì náà,
báńkì ti sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Òjò nìkan ni kò tíì pa ìdánrawò jẹ."

Mo kó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un.
Ìkan tó kù, kò sí orin nínú rẹ̀ rárá:
Arlo wúkọ́, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta,
ó dúró,
ó bi mí bóyá mo ti tẹ bọ́tìnnì.

Mo ti tẹ̀ ẹ́, Arlo.