Gbèsè Wàrà

Ogójì ọdún ni bàbá bàbá mi, Lemel Hofnung,
fi gé dáyámọ́ńdì fún àwọn ẹlòmíì ní Áńtíwápù.
Òkúta kan kò bá a délé rí.
Ìwé ló ń bá a délé.

Kì í sì í ṣe ìwé kíwèé:
èyí tí Rábì tó kọ ọ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí,
tí tàdáwà ti di àwọ̀ irin tó dípẹtà.
"Owó a máa ra ìwé," ni yóò wí, "ọwọ́ ni mò ń wá."
Màmá àgbà a fèsì láti ilé ìdáná:
"Owó ti tán lọ́wọ́, ọwọ́ ò tíì tó ọ?"

Èmi ni mo ń gun àkàsọ̀ fún un.
Mo mọ Rábì tí òtútù rọ lọ́wọ́ ọ̀tún,
tó fi òsì kọ orúkọ, tí lẹ́tà rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.
Bí ìwé bá já bọ́, a ó gbé e, a ó fẹnu kò ó.
Kí bàbá àgbà tó kọ orúkọ tirẹ̀ sí ojú ewé,
á kọ́kọ́ kọ ọ́ pé Ẹlẹ́dàá ló ni ohun gbogbo.
Lẹ́yìn náà, á fi kọ́kọ́rọ́ méjì ti àpótí.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ìrékọjá, nínú òjò,
Frumet Kalmus wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Líẹ̀jì,
ìwé kan nínú ìborí, ìborí nínú àpò àlùbọ́sà.
Owó ilé ló fẹ́ fi í san.
Apá kẹta ni, ìwé Rábì Zabrodye!
Ọgọ́ta péré ni wọ́n tẹ̀. Iná jẹ, omi jẹ, ogun jẹ.

Bàbá àgbà gbé awò òkúta sójú.
Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n lórí dáyámọ́ńdì, ó gbọ̀n.
Rábì kọ ọ́ pé:
Fún Hirsh oníwàrà.
Wàrà oṣù mọ́kànlá ni mo jẹ ọ́.
Ọmọ mi kò kú. Owó kò sí.
Gba èyí ná, mò ń bọ̀ wá san án.

"Kí ló wí?" Obìnrin náà kò gbọ́ Hébérù.
Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun bàbá àgbà, ó dúró. Mo rí i.
Kí ló ṣòro nínú "orúkọ lásán ni"?
Ó kà á fún un. Ó tún un kà.

"Bàbá ìyá mi," ni obìnrin náà wí.
"Ọ̀dẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é,
pé ó ń pín wàrà láìgbowó."
Ó wé ìwé náà padà bí ẹni wé ọmọ tuntun.
Kò tà mọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá àgbà tọrọ nǹkan kan:
kí òun fìka kan ẹ̀yìn "san án",
níbi tí kálàmù ti kán tàdáwà sílẹ̀
bí ẹni tó dúró rò ó.
Ó gbé ìka lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ san owó wàrà tiwa,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà nílẹ̀.

Àlàfo náà ṣì wà láàárín apá kejì àti ìkẹrin.
Bí mo bá ń nu eruku ìwé,
mo máa ń nu òun náà.